Ọlọ Doña Eduviges Tún Mú

Maricruz rò pé oore ni òun ń ṣe. Ọlọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá ọkọ rẹ̀, Doña Eduviges, fi ń lọ ata láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ti dán jọ̀lọ̀. Tòmátì kàn ń yọ̀ kiri inú rẹ̀ ni. Ìyá àgbà náà ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti gbàgbé orúkọ Maricruz, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ mọ́. Maricruz ní bóyá bí ata bá tún dùn bíi ti àtijọ́, ìyá á jẹun, á sì mọ òun. Ló bá gbé ọlọ lọ bá agbẹ́kùúta. Ìyẹn fi irin ṣá inú rẹ̀ títí gbogbo ihò wẹ́wẹ́ tí òkúta òkè oníná máa ń ní fi lajú bí afárá oyin.

Doña Eduviges fi ìka kan inú ọlọ. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó rí ṣákiṣàki," ó ní. "Ó rí págunpàgun."

Ọ̀rọ̀ náà rú Maricruz lójú. Ṣé ìyìn ni àbí èébú? Lẹ́nu ìyá yìí, èébú ló máa ń jẹ́.

"Ìrẹsì dà?"

Orí Maricruz tún dàrú sí i. Kò sí obìnrin ìlú náà tí kò mọ̀ pé ọlọ tuntun ni wọ́n ń lọ ìrẹsì sí, kí iyanrìn inú rẹ̀ lè tán kí ata tó débẹ̀. Èyí ti dàgbà ju ọkọ òun lọ. Ó ṣáà bu ìrẹsì wá.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ̀ ọ́."

"Ta ni ìyá rẹ? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ." Ó ń lọ ìrẹsì, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì dúdú bí eérú. "Bá mi dà á nù kíá. Bí ìyá ọkọ mi bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí òkúta ta sí i léyín, á dá mi padà sílé bàbá mi."

Maricruz kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Obìnrin tó da ata tí òun Maricruz lọ̀ fún tòlótòló lójú àlejò, ìyẹn ló wá ń bẹ̀rù ìyá ọkọ yìí? Ẹ̀rù bà á pé bóyá òun ti gbẹ́ ìwọ̀nba iyè tó kù fún ìyá dànù.

"Kò ní dá ọ padà," ló rí sọ.

Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dà á nù, wọ́n tún lọ̀ ọ́, títí ìyẹ̀fun fi funfun. Ìyá àgbà fi díẹ̀ sẹ́nu, ó rún un. Kò sí iyanrìn. Ó mí kanlẹ̀.

"O ṣeun. Ṣé ìwọ náà ní ìyá ọkọ?"

"Mo ní."

"Ṣé ó le?"

"Ó le."

Doña Eduviges di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má dá a lóhùn. Èmi o, bí mo bá bí ọmọkùnrin, ojú ìyàwó rẹ̀ ò ní rí irú èyí lọ́dọ̀ mi láé."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," Maricruz wí.