Ẹni Tó Dí Ihò Èéfín

3.

…torí náà Olúdọ̀tun ní kí Justin, bíríkìlà tó gbà síṣẹ́, rọra, bíríkì ọ̀hún ti gbó. Láti ìgbà tí Mama ti dáná sí ààrò pálọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tún fọwọ́ kàn án.

Mo ti ṣáájú ara mi. Ẹ jẹ́ ká padà.


1.

February ọdún òtútù ńlá. Iná mànàmáná lọ ní gbogbo Fondren, àdúgbò wọn lókè òkun. Mama, tó wá kí Olúdọ̀tun ọmọ rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́, kó igi sí ààrò, ó ṣáná sí i. Èéfín bo ilé.

PANÁPANÁ: Ta ló dáná?

OLÚDỌ̀TUN: Ìyá mi ni. She's a village woman, sir.

MAMA: Dọ̀tun, mo ṣí irin ẹnu ihò yẹn kí n tó ṣáná. Nǹkan ló dí i lókè.

OLÚDỌ̀TUN: Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.


2.

Mama ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ó gbọ́ “village”.


2, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iṣẹ́ Mama: ogójì ọdún nídìí ẹja yíyan. Èéfín ló fi tọ́ Olúdọ̀tun dàgbà.

Iṣẹ́ Olúdọ̀tun, ní iléeṣẹ́ kan ní La Porte: ó ń yẹ páìpù wò kí wọ́n má baà dí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín.


4.

WHATSAPP

— Mama, ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?

— Mo wà lóko, ọkọ mi. Oko tù mí lára.


ÌWÉ IṢẸ́ JUSTIN

Gbá eérú. Pààrọ̀ bíríkì mọ́kànlá. Ti páìpù irin bọ ihò èéfín. Gbé sítóòfù onígi kalẹ̀.

Ìdí tí onílé fi fẹ́ ẹ: òtútù.

(Irọ́. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ padà wá.)


5.

Ohun tí Justin fà jáde nínú ihò:

ìtẹ́ ẹyẹ

ewé gbígbẹ

jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kan, aláwọ̀ búlúù, orúkọ wà láyà rẹ̀

ZOE, ọmọ Olúdọ̀tun: Daddy, orúkọ ẹ ni!

Kò sẹ́ni tó ráyè kọ́ ọ pé “orúkọ yín” ló yẹ kó wí.


6.

Ọdún tí wọ́n kó wọ ilé yìí, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ihò náà wọlé. Olúdọ̀tun fúnra rẹ̀ ló fi jákẹ́ẹ̀tì dí i. Ó gbàgbé. Ojú tì í débi pé kò lè wo Justin, tí ò tilẹ̀ mọ nǹkan kan.


7.

Ó kọ ọ́: Mama, wọ́n ti rí ohun tó dí i.

Ó pa á rẹ́. Ta ni “wọ́n”?


8.

FÍDÍÒ

MAMA: Dọ̀tun? Àjà ilé nìkan ni mò ń rí.

OLÚDỌ̀TUN: Mo dọ̀bálẹ̀ ni, Mama. Jákẹ́ẹ̀tì mi ló dí ihò yẹn. Èmi ni mo kì í bọ̀ ọ́.

MAMA: Mo mọ̀. Mo rí apá jákẹ́ẹ̀tì náà tó yọ lọ́jọ́ yẹn.

OLÚDỌ̀TUN: Kí ló dé tẹ́ ò sọ?

MAMA: Níwájú àlejò?

(Olúdọ̀tun fi iwájú orí kanlẹ̀.)

MAMA: Dìde. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mi ò sì rí tìẹ.


9.

Kò tíì dìde.