Ìwádìí Tí Ó Dúró ní Bọ́dà

Ní ilẹ̀ Yewa, ìdílé kì í fi ọmọ fún ìdílé láìṣe ìwádìí. Wọn a béèrè bóyá wèrè wà nílé ibẹ̀, bóyá wárápá wà, bóyá wọ́n ti mú olè níbẹ̀ rí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn a tú gbòǹgbò ilé títí yóò fi dá wọn lójú pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ àti ẹ̀jẹ̀ ìyàwó kò pàdé níbì kankan. Àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ilé Alfred Ìbítóyè ní Ayétòrò, Lábísí ìyàwó rẹ̀ ni ìbá ṣe é, ṣùgbọ́n Lábísí ti wà nínú ilẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún náà. Ó wá ku bàbá nìkan, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Kẹ́misọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún un, ni ó ń lọ sílé ọkọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Dámilọ́lá, tíṣà kan ní Ìgbógílà, ni ó fẹ́ ẹ sọ́nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkùnrin náà, Alàgbà Micah, ti ránṣẹ́ pé òun yóò wá ní ọjọ́ Sátidé tí yóò parí oṣù, kí ilé méjèèjì lè sọ ohun tí wọ́n rí.

"Pobè ni ó yẹ kí n lọ," ni Alfred wí. "Ìyá Àṣìkẹ́ nìkan ni ó kù tí ó mọ ibi tí bàbá mi àgbà ti ṣẹ̀."

Ìyá Àṣìkẹ́ ni àbúrò bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ọmọ ọwọ́ ni Àṣìkẹ́. Wọ́n gbé e padà fún ìyá bàbá àgbà náà ní òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, ibẹ̀ ni ó dàgbà sí, Pobè níbẹ̀ ni ó sì lọ́kọ sí. Bàbá Alfred ní tirẹ̀ dàgbà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ayétòrò. Ìyá Àṣìkẹ́ ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí, àfi kí ènìyàn pariwo sí i létí kí ó tó gbọ́, nítorí náà fóònù kò wúlò. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba sì ti ti bọ́dà. Àwọn kan ń gba inú igbó kọjá pẹ̀lú ìrẹsì lẹ́yìn ọ̀kadà, ṣùgbọ́n Alfred kò jẹ́ gba ọ̀nà tí òfin kò là sílẹ̀.

Kẹ́misọ́lá kò wo ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ṣe ìwádìí nígbà tiyín ni?"

"Wọ́n ti bọ́dà nígbà tiwa pẹ̀lú. Ayé àwọn ṣójà ni. Ìjọ kéde wa, ẹnikẹ́ni kò sì takò ó."

"Ó sì tó yín."

"Ó tó nítorí pé a kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ìlaró ni bàbá àgbà ti ṣe ìtẹ̀bọmi. Ìwé ìjọ ṣì wà níbẹ̀, ti àwọn ìlú tó yí i ká pẹ̀lú. Mo máa lọ wò ó."

"Ẹ má lọ, Bàbá."

Ó rò pé ìkánjú àtilọ sílé ọkọ ni ó ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀.

Ọ̀nà Ìlaró dá páropáro, nítorí ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo sún mọ́ bọ́dà mọ́. Ilé epo tí wọ́n ta okùn dí lẹ́nu ni wọ́n ń rí ṣáá, ajá ń sùn níbi tí mótò ti ń tò tẹ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ bá wa gbàdúrà o," ni dírẹ́bà wí. "Bí mótò yìí bá kú, kò sí epo tí a ó fi jí i." Níwájú, wọ́n gbé igi dábùú títì. Ṣójà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú mótò.

"Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ìlaró. Mo fẹ́ lọ wo orúkọ àwọn òkú."

Ọmọkùnrin náà yí ojú kúrò kíá, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Akọ̀wé ìjọ náà, Ìyá Ìbíyẹmí, mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó kí i kú ọ̀fọ̀ Màmá Kẹ́mi, lẹ́yìn náà ni ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Òórùn kánfọ̀ àti ìgbẹ́ àdán jáde papọ̀.

"Tíṣà, mo ti ń sọ ọ́ fún yín o, ikán ti jẹ ìdajì àwọn ará Ìlaró. Bí ẹ bá wo ìwé tí ẹ ò bá ní bàbá, ẹ má bá mi jà."

"Ta ni n ó bá jà?"

"Ikán ni!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún di pẹ̀lẹ́. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìsìnkú, kí ẹ wá máa fà á bọ̀ sẹ́yìn sí ìgbéyàwó, kí ẹ tó kan ìtẹ̀bọmi. Ẹni tí ó bá ti orí ìbí bẹ̀rẹ̀ ń sọnù ni, nítorí orúkọ pọ̀ tí ó jọra. Ẹ má sì fi itọ́ ṣí i."

Ilé ọkọ ni ó kọ́kọ́ tú. Ìgbógílà ni wọ́n ti ṣẹ̀ látilẹ̀, tọkọtaya, ìran lé ìran. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó ti òdìkejì wá. Ọ̀nà mọ́. Àyà Alfred fúyẹ́.

"Ó ti parí nù un," ni Ìyá Ìbíyẹmí wí. "Ẹ jẹ́ kí n wá omi fún yín."

Ì bá ti pa ìwé náà dé. Ṣùgbọ́n kò tí ì wá orúkọ bàbá àgbà, ẹni tí kò fojú rí rí, kì í sì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ó ṣí ìwé ìtẹ̀bọmi àwọn àgbà. Ó rí i: Ìbítóyè, ọmọ Efúntọ́lá, ará Kétu. Lábẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, ọmọ Efúntọ́lá mìíràn wà: Salome, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé bàbá àgbà ní àbúrò. Ó padà sí ìwé ìgbéyàwó. Salome, ará Kétu, fẹ́ Ọdẹkúnlé, àgbẹ̀, ní Afọ̀n.

Alfred fi ìka tẹ orúkọ náà. Ó mọ Salome Ọdẹkúnlé. Ìyá bàbá Lábísí ni. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, arúgbó náà ti fọ́jú, iyè rẹ̀ sì ti rá. Wọ́n mú ọkọ ìyàwó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ pa á lójú, ó fi pa á létí, kò sì fẹ́ jẹ́ kí ó lọ. "Ọmọ ta ni ọ́?" ni ó ń béèrè ṣáá. "Ìwọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Alfred náà rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, Efúntọ́lá ni ó bí bàbá àgbà òun, òun kan náà ni ó sì bí ìyá àgbà Lábísí. Ó rántí ọmọ tí wọ́n sin ṣáájú Kẹ́misọ́lá, àti èyí tí wọ́n sin lẹ́yìn rẹ̀.

"Tíṣà, omi rèé," ni Ìyá Ìbíyẹmí wí. "Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i," ni ó dá a lóhùn. Kò mu omi náà.

Nígbà tí ó délé, Kẹ́misọ́lá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì gbé àwo sílẹ̀.

"O mọ̀," ni Alfred wí.

"Màmá sọ fún mi nígbà tí àìsàn wọn le. Wọ́n ní nígbà tí ìjọba ṣí bọ́dà, tí wọ́n gbé oyún mi lọ kí Ìyá Àṣìkẹ́ ní Pobè, ni ìyá náà bi wọ́n ní orúkọ ìyá bàbá wọn. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe dáhùn, ìyá náà bú sẹ́kún."

"Kò sọ fún mi."

"Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa ní kí àwọn padà sílé bàbá àwọn. Pé òfin ni ẹ mọ̀."

Alfred kò lè sọ pé irọ́ ni. Ó rántí bí Lábísí kò ṣe jẹ́ kí òun rí ẹkún rẹ̀ nígbà tí èyí àbíkẹ́yìn kú. "Ó ti tán" ni ó wí, ó sì lọ fọ aṣọ.

"Bàbá, kí lẹ máa sọ ní Sátidé? Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, kò sí ilé tí yóò mú mi láti ibí dé Ìmẹ̀kọ. Ọmọ tí ìbátan bí fún ìbátan ni wọn yóò máa pè mí."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé.

Alàgbà Micah dé pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín. "Tíṣà, a dé o! Ẹ má fún wa ní ìdánwò o, a ò kàwé sílẹ̀." Ó jókòó, ó sọ ti ilé tirẹ̀ láìfi pamọ́: àbúrò bàbá wọn kan máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọtí ni, kì í ṣe wèrè. "Bí kò bá mu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa já geere ju tèmi lọ." Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ lé orúnkún. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Láàárín ọmọ yín àti ọmọ wa, kò sí nǹkan kan. Èmi fúnra mi ni mo ka ìwé náà."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Nínú ilé yín fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láàárín bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ?"

Kẹ́misọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo omi lọ́wọ́.

"Kò sí," ni Alfred wí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde wẹ́rẹ́. Ìyẹn gan-an ni ó bà á lẹ́rù.

"Ẹnu tíṣà tó wa," ni Alàgbà Micah wí. Ó gba omi, ó mu ún tán. "Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn obìnrin. Ìyàwó mi ní ìwádìí ọkùnrin, ìdajì ni. Àbúrò rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Pobè, kò jìnnà sí ilé Ìyá Àṣìkẹ́ yín. Wọ́n ní etí ìyá náà ni ó di, ọ̀rọ̀ ṣì kún ẹnu rẹ̀. A ò kánjú. Bí wọ́n bá ti ṣí bọ́dà báyìí, wọn á lọ kí ìyá, a ó sì wá mú ọjọ́ ìdána."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Alfred wí.

Ní ọjọ́ kejì, nínú ìsìn, àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ dìde. Ó ní ebi ti wọlé, àwọn oníṣòwò ti jókòó sílé, ọkọ wà níhìn-ín, ìyàwó wà ní òdìkejì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ké pé Olúwa, ṣí bọ́dà yìí, ṣí i ní kíákíá. Àmín náà mi òrùlé. Ó tún un sọ, wọ́n tún ṣe é. Kẹ́misọ́lá tẹ orí ba, ètè rẹ̀ kò mì.

Obìnrin kan tí ó máa ń ra ọjà bọ́dà ní Owódé tẹ́lẹ̀ fọwọ́ kan Alfred léjìká láti ẹ̀yìn. "Tíṣà," ni ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ ṣe àmín o, tiwa ni."

Alfred la ẹnu. Àmín náà kò jáde.