Ìkíni Bàbá Aago àti Ìpolówó Ìlédìí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún aago ara ògiri ṣe, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Bàbá Aago kí yín tán. Mi ò sì ní parọ́ fún yín, kíkí ọ̀hún kì í tètè tán.

Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà wà níwájú, tábìlì iṣẹ́ wà nínú, aago sì bo gbogbo ògiri. Nígbà tó di pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè di síkúrù kékeré mú mọ́, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, torí kò tíì rí ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ara fóònù làwọn èwe ti ń wo aago. “Ṣé bí mo ṣe máa gbé iṣẹ́ yìí wọlẹ̀ lọ nìyí?” Ó máa ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá ṣí ìkànnì kan fún un lórí ayélujára, kí ẹni tó bá wù lè kọ́ iṣẹ́ náà látilé. Ní gbogbo Sátidé, bàbá á máa sọ, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Ìpolówó tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà ló ń gbọ́ bùkátà ìkànnì.

Bó ṣe ń jáde lẹ́nu yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹ gbọ́ ọ ná: “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa la jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìkókó tí ara rẹ̀ gbóná lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, ṣé eyín ló fẹ́ yọ? Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣé ó ń mu ọmú? Ṣé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ fojú kan oorun?” Á kí aboyún, á kí ọlọ́mọ, á kí ìyá àgbà tó ń pọnmọ. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa dé ìdí aago, tíì ọmọ rẹ̀ ti tutù.

Lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn onípolówó. Ọmọ kà á, ojú rẹ̀ fà ro.

“Bàbá, wọ́n ní ìpolówó ìlédìí ọmọ ló kún ìkànnì yín.”

“Ìlédìí kẹ̀? Ta ló ṣu?”

“Ìlédìí, wàrà ọmọdé, fídà. Oníwàrà ti lọ fẹjọ́ sùn pé kí ni wàrà òun ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe.”

“Èmi náà ì bá bi í. Ta ló gbé e wá?”

“Ẹ̀rọ ni. Kò mọ̀ yín, kò sì mọ ẹni tó ń ka ìwé yín. Ọ̀rọ̀ ojú ewé nìkan ló ń kà. Èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀, òun ló máa gbà pé à ń sọ, á wá lọ mú ọjà tó bá a mu wá. Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ dárúkọ ọmọ nígbà mọ́kànlélógún. Aago, ìgbà mẹ́fà péré.”

“Ṣebí mò ń kí wọn ni!”

“Ẹ̀rọ ò mọ̀yẹn, bàbá. Àfi ká gé ìkíni kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Bí kò bá yí padà, wọ́n á kó ìpolówó wọn lọ, ìkànnì á sì kú.”

Ó dun bàbá dọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ìkànnì bá kú, ta ló kù tó máa kọ́ṣẹ́? Ní Sátidé, ó dorí kodò, ó ní kí ọmọ kọ ọ́ pé: “Aago ara ògiri. Ẹ tú síkúrù mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìlédìí ti pòórá. Epo aago dé, irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù dé, dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dé. Ọmọ fò sókè. Bàbá wò ó títí.

“Ẹ̀rọ yìí gbọ́n o,” ló wí. “Ó kàn jẹ́ pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni.”

Ìsàlẹ̀ ojú ewé làwọn òǹkàwé ti máa ń fèsì, wọn kì í sì í dín ní ogójì. Lọ́tẹ̀ yìí, kẹ́kẹ́ pa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá ìkókó kan tó kọ̀wé: “Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe? Ẹ ò kí wa. Ọmọ mi ti yọ eyín méjì, mo ti ń retí kẹ́ ẹ béèrè. Bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì wá.”

Bàbá ní kí ọmọ tún un kà. Ìgbà tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, bàbá bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nu omi ojú.

“Kó ìkíni mi padà.”

“Bàbá, ọjọ́ mẹ́rin ló kù o!”

“Kí wọ́n kó ìpolówó wọn, kí wọ́n máa gbé e lọ! Ta ló fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a yan odì?”

Bàbá wo bẹ́ǹṣì, ó wo tábìlì. Lójijì ló yíjú padà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gbogbo ìkànnì ni ẹ̀rọ yẹn ń kà pa pọ̀, àbí ó ń mú ojú ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?”

“Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.”

“Kí ló dé tó ò ti sọ ọ́? Ṣé orí tábìlì iṣẹ́ ni mo ti ń kí oníbàárà? Ṣebí orí bẹ́ǹṣì ni! Ṣí ojú ewé kan síwájú fún mi, kí n kí wọn yó níbẹ̀. Tí a bá kíra tán, kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tẹ ibì kan, kó bọ́ sínú.”

Ọmọ la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀rín ló tẹ̀ lé e. “Bàbá! Báwo ni èmi ò ṣe ro ìyẹn?”

“Ìwé tó o kà ló pọ̀ jù.”

Bó ṣe wí ni wọ́n ṣe é. Ìlédìí àti wàrà padà sójú ewé iwájú, epo àti irin dúró sí ti inú, kálukú wà ní àyè rẹ̀. Àwọn onípolówó kọ̀wé pé ó bára mu wàyí. Oníwàrà tó ń fẹjọ́ sùn náà ló tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má yọ òun níwájú Bàbá Aago, torí kò síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìpolówó òun tó ibẹ̀. Èsì àwọn òǹkàwé di àádọ́rùn-ún.

Ní Sátidé kejì, ìyá ìkókó yẹn pe bàbá lórí fóònù tí wọ́n fi ń ríra. Ó pọn ìkókó sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo.

“Bàbá, aago bàbá ọkọ mi rèé. Ọdún mẹ́jọ ni aago náà ti kú. Mo ka ojú ewé inú, mo tú u, mo nù ún, mo tò ó padà. Ẹ gbọ́!”

Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aago ń dún: kò, kò, kò. Bàbá di ojú, ó tẹ́tí.

“Ó ń sáré díẹ̀. Irin tó ń fì yẹn, nọ́ọ̀tì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Yí i wálẹ̀ díẹ̀.”

Ó yí i. Aago fara balẹ̀. Inú bàbá dùn débi pé ẹ̀rín àti omijé jọ jáde pọ̀.

“Bàbá, aago aládùúgbò mi náà ti kú. Ṣé kí n lọ gbé e wá, kẹ́ ẹ wò mí bí mo ṣe ń ṣe é?”

“Gbé e wá, ọmọ iṣẹ́ mi,” ni bàbá wí. Kò tíì pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. “Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ kíra ná. Eyín ọmọ ti di mélòó?”