Lẹ́tà Tí Bírò Pupa Kò Lè Pa Rẹ́

Oṣù kẹrin tí bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́wọ̀n ni lẹ́tà náà dé. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni obìnrin aránṣọ náà ti ṣí i, òwú ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ló ti gbà ṣáájú, bákan náà ni gbogbo wọn sì rí: ìlà méjì tó ṣeé kà, ìlà mẹ́wàá tí wọ́n ti fi bírò pupa pa rẹ́. Ọ̀gá kan wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n lọ. Ọ̀gá Bírò Pupa ni àwọn tó ní èèyàn lọ́hùn-ún ń pè é. Àmọ́ èyí mọ́ tónítóní. Bírò kò kàn án rárá.

"Ọmọ mi," bàbá kọ ọ́, "ara mi le. Bíbélì nìkan ni wọ́n gbà kí n máa kà. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó rántí ọba tó jókòó nídìí iná, tó ń fi ọ̀bẹ gé ìwé, àti ohun tí akọ̀wé wòlíì ṣe lẹ́yìn náà. Mo tún máa ń ro ti àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, àti ohun tí wọ́n fi ṣe páìpù omi wọn. Ìwọ náà, má gbàgbé ọlọ́gbọ́n tó wọn adé ọba láì yọ́ ọ. Ibi tó ti rí ìdáhùn ni kó o ti máa rántí mi."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń fún un lóúnjẹ, bóyá ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti san. Kí ló kàn án pẹ̀lú adé ọba?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá rẹ̀ fi ṣe àyẹ̀wò omi nílé-iṣẹ́ omi ìlú wọn. Kì í ṣe aláriwo. Lọ́dún tí wọ́n mú un, ó bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ ní àdúgbò tó yí ilé-iṣẹ́ bátìrì ká lápá ìlà-oòrùn ìlú, ohun tó sì bá níbẹ̀ kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé e lọ fún ọ̀gá àgbà. Ìyẹn fọwọ́ sí i láì kà á. Nígbà tó wá kà á tán, ó ní kó lọ kọ òmíràn tó dáa ju ìyẹn lọ. Bàbá ní òun kò kọ òmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìwé àyẹ̀wò ti pòórá, ọ̀gá àgbà ń sọ pé òun kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì wá mú bàbá pé ó ń fi irọ́ da ìlú rú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tú ilé rẹ̀. Wọ́n ya tìmùtìmù, wọ́n kó gbogbo ìwé lọ, títí kan ìwé ABD tí ọmọ rẹ̀ lò ní kékeré.

Kò sọ ohun tó wà nínú omi náà fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó ní ohun tí wọn kò bá mọ̀, kò sẹ́ni tó lè fipá gbà á lẹ́nu wọn.

Aránṣọ náà ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Torí pé ó mọ Bíbélì lórí bí ẹní mowó, Màmá Orí-àti-Ẹsẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ kò tíì kà dé ìdajì tí ìyá fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Jeremáyà, orí kẹrìndínlógójì," ó ní. "Wòlíì sọ ọ̀rọ̀, akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ́. Ọba gé ìwé náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó jù ú síná. Akọ̀wé sì tún jókòó, ó kọ òmíràn, ó tiẹ̀ fi kún un."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Màmá, ìwé méjì ló wà."

"Ìwé méjì ló wà."

Ti Róòmù fẹ́ dá wọn dúró. Ilé-ìwé kò dùn mọ́ aránṣọ náà rí, ó sì ti gbà tipẹ́ pé kì í ṣe òun ni olórí pípé ìdílé wọn. Ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ kan tí bàbá sùn sábẹ́ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, tó ń tún páìpù ṣe, tí òun ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Bàbá sọ fún un pé òjé, irin rírọ̀ tó ní májèlé, ni wọ́n fi ṣe páìpù ní Róòmù, omi sì ń gba inú rẹ̀ kọjá wọlé àwọn olówó.

"Òjé," ó ní jẹ́jẹ́. "Òjé ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Òjé làwọn ọmọ àdúgbò ilé-iṣẹ́ bátìrì ń mu."

Agbẹ̀bí ń ro àwọn ọmọ àdúgbò náà tí inú ń run, tí ẹ̀kọ́ kì í dúró lórí wọn mọ́. Ó ti mú mẹ́ta lára wọn lọ sílé ìwòsàn, aràn ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n.

Ti adé ló rọrùn jù. Inú báàfù ni bàbá ti máa ń sọ ìtàn yẹn fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́: ọlọ́gbọ́n kan wọ báàfù, omi ga sókè, ó sì rí bí òun ṣe máa wọn adé ọba. Ó sáré bọ́ sójú títì níhòòhò, ó ń kígbe pé, "Mo ti rí i."

Màmá ní báàfù wo nìyẹn, ṣebí korobá ni wọ́n fi ń wẹ̀ nílé bàbá láti ọjọ́ tí báàfù ti sán. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ni wọ́n gbé báàfù tó sán náà sí, iyẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, tòmátì sì ti so lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mú àbúrò rẹ̀ gan-an ló wá bá a pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ náà, ó sì yà á lẹ́nu lọ́jọ́ náà, torí àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ oko.

Ọkọ́ kékeré ni wọ́n fi gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà. Nínú ọ̀rá ìpele mẹ́ta ni wọ́n ti bá abala ìwé márùn-ún, gbígbẹ.

"Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń bomi rin ìwé ìjọba," Màmá ní.

Ọjọ́ wà níbẹ̀, iye òjé wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ abala ìkẹyìn, ọ̀gá àgbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé "Mo ti rí i", ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì ni bàbá gbé síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí aránṣọ náà lọ wo bàbá, Ọ̀gá Bírò Pupa pè é wọ ọ́fíìsì. Ara ti ń fu ọ̀gá náà. Ó ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọba àti Róòmù. Irọ́ ti wà lẹ́nu aránṣọ náà, àmọ́ ó gbé e mì.

"Ẹ ti kà á, sà," ó ní. "Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ tún un kà."

Ọ̀gá ní lẹ́tà kankan kò tún ní jáde mọ́. Aránṣọ náà ní kò burú, èyí tó jáde ti tó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ìpàdé ìta gbangba. Aránṣọ náà pín ẹ̀dà ìwé náà láti àga dé àga, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ọ̀gá àgbà dìde, ó ní ayédèrú ni, ẹnì kan ló jí ìbuwọ́lùwé òun kọ. Aránṣọ náà gbé bírò àti ìwé funfun lọ bá a níwájú.

"Ẹ fọwọ́ sí i níbí, sà, kí gbogbo wa wò ó."

Kò gba bírò náà. Ó pe ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà pé kó mú obìnrin náà jáde. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ni Màmá Orí-àti-Ẹsẹ bá dìde láti àga ẹ̀yìn.

"Ìwọ?" ó bi í. "Ọwọ́ mi ni ìyá rẹ bí ọ sí. Ẹsẹ̀ lo mú wáyé. Wákàtí mẹ́fà ni mo fi bẹ̀ ọ́ kó o tó jáde. Fọwọ́ kàn án kí n rí i."

Ọlọ́pàá dúró. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ ti bírò náà sẹ́yìn, ó ní kó gbé e kúrò níwájú òun. Aránṣọ náà kò gbé e kúrò. Ó dúró síbẹ̀ títí alága ìgbìmọ̀ fi ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ omi gbogbo apá ìlà-oòrùn pa lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà nípò kí oṣù náà tó parí. Wọ́n ní àwọn máa dá bàbá sílẹ̀ tó bá lè fọwọ́ sí ìwé pé òun tọrọ àforíjì. Ó béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Ó padà sínú yàrá rẹ̀ lọ jókòó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tún lò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un láì buwọ́ lu ohunkóhun.

Ó ti rù. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́, ọwọ́ kan ló fi dì í mú bó ṣe ń jáde lẹ́nu géètì. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún, ó sì ń wọn ìdí ṣòkòtò náà lójú. Bàbá kò béèrè oúnjẹ. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ti ẹ̀rọ omi.

Ọmọ rẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn nìkan ni. Wọn kò tíì ti tìwọ̀-oòrùn pa.

"Ó dáa," bàbá ní. "Lọ́la, a máa lọ bu omi níbẹ̀."