Olùkọ́ Tó Fi Omi Sẹ́nu

Èmi ò fẹ́ràn ẹni tó máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọlọ́rọ̀. Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá sáyẹ́ǹsì Ọ̀gá Àlàyé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń bẹ̀ mí kí n bá àwọn olùkọ́ múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sílẹ̀ fún ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì ẹkùn wa.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Àlàyé, orúkọ náà sì bá a mu. Bí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ayé ṣe ń yí oòrùn po. Ọkùnrin náà mọ̀wé, kò sírọ́ níbẹ̀. Ó sì láájò. Mo bá a níbi tó ti ń fi ayùn pẹlẹbẹ dán etí páànù kó má baà gé àwọn ọmọ lọ́wọ́, òógùn bo ojú rẹ̀, kò sì rántí oúnjẹ.

Ọmọbìnrin kan ló fẹ́ mú lọ síbi ìpàtẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí o bá bi í ní ìbéèrè, yóò wolẹ̀, yóò wòkè, kó tó lanu. Ó fi páálí ṣe ilé kéékèèké mẹ́ta, ó sì fi páànù bo orí wọn. Ó kun ọ̀kan ní ọ̀dà funfun, ó kun ọ̀kan ní dúdú, ó fi ìkẹta sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ki tẹmómítà bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sínú oòrùn kó lè mọ èyí tó máa tutù jù. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì wọn lọ́sàn-án gangan, tí ooru páànù ń bò ó mọ́lẹ̀, á mọ ohun tó gbé e dédìí iṣẹ́ náà.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ní ìpàtẹ tó kọjá, adájọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gá Àlàyé ní ìbéèrè, ọ̀gá sì dáhùn láti ẹ̀yìn. Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò ní àǹfààní mìíràn mọ́, torí kíláàsì àṣekágbá ló wà.

Mo jókòó bí adájọ́. "Ọmọ mi, kí ló dé tí inú ilé olórùlé dúdú fi gbóná ju ti funfun lọ?"

Ó wolẹ̀. Kó tó wòkè, ọ̀gá rẹ̀ ti gbà á. "Ìmọ́lẹ̀ ni, Màmá! Dúdú máa ń gba oòrùn sára, funfun máa ń dá a padà . . ."

"Ṣé ẹ̀yin ni mo bi ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Orí ọmọ yìí gún régé. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń tún un ṣe yẹn ló máa wọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì, ó sì tún dáhùn ìbéèrè kejì. Mo bá bu omi sí ife, mo gbé e fún un. "Ẹ fi èyí sẹ́nu. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e mì títí ọmọ yìí á fi sọ̀rọ̀ tán." Ó rò pé mo ń ṣàwàdà, àfi ìgbà tó wojú mi.

Lọ́jọ́ yẹn, kíá ló gbé omi náà mì, ó sì dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ fọhùn láì gbé e mì, gbogbo rẹ̀ bá tú sí mi láṣọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i dáadáa, mo sì bu òmíràn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sì rí ọ̀ràn lọ́sẹ̀ náà. Síbẹ̀, olùkọ́ mìíràn ì bá ti lé mi síta. Òun ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi náà, tí yóò dúró sẹ́yìn ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀ǹbọ̀tọ̀. Ìgbà yẹn ni ìwà ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí.

Lọ́jọ́ kan mo bi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀dà ló fa ìyàtọ̀, tí kì í ṣe ibi tó o gbé páálí sí?"

Ojú ọ̀gá rẹ̀ ń pọ́n.

"Mo máa ń pààrọ̀ àyè wọn ni, Màmá. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ń gbé wọn sí máa ń gbóná. Páálí tó bá sún mọ́ ọn á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Torí ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń dé ibẹ̀ yípo."

Ọ̀gá Àlàyé gbé omi mì gbìì. "Àtìgbà wo?"

"Àtìbẹ̀rẹ̀, sà."

"Èmi ò mọ̀! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ máa ń ti sọ̀rọ̀ tán kí n tó lanu, sà."

Kò fi àfojúdi sọ ọ́. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kó tún un sọ, ó sì gbọ́ ọ dópin, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bu omi fún un.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, èrò kún gbọ̀ngàn bámúbámú. Adájọ́ wo iṣẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yíká, ó sì béèrè ohun tí a ò múra sílẹ̀ fún. "Lóru ńkọ́? Tí oòrùn bá ti wọ̀, ṣé èyí tó funfun ṣì máa tutù ju ìyókù lọ?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Ó wòkè. Adájọ́ ń fi bírò lu ìwé. Mo wo Ọ̀gá Àlàyé, mo rí i pé ó mọ ìdáhùn. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ẹnu ọmọ náà.

"Mi ò tíì wọ̀n ọ́n lóru, sà," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Mo rò pé ìyàtọ̀ wọn á kéré, torí kò sí oòrùn. Ṣùgbọ́n èrò lásán nìyẹn. Ó dìgbà tí mo bá gbé wọn síta mọ́jú kí n tó lè dá yín lóhùn."

Adájọ́ yíjú sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Kí ni ìdáhùn ẹ̀ gan-an?"

Àyà mi já. Ọkùnrin tí àlàyé rẹ̀ kì í tán yìí!

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, sà," ó ní. "A ò tíì wọ̀n ọ́n."

Omijé bọ́ lójú mi, èmi tí mi ò kì í sunkún ní gbangba. Adájọ́ ò fagi lé ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tí wọ́n mú, iṣẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń kó páálí jáde, ọmọ náà bi ọ̀gá rẹ̀ pé ṣé lóòótọ́ ni kò mọ ìdáhùn náà.

Ọ̀gá Àlàyé ronú díẹ̀. "Bó o bá ti wọ̀n ọ́n tán," ó ní, "wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."