Àpótí Bàbá Díẹ̀díẹ̀

Nígbà tí bàbá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tún gba ẹ̀yìn ilé lọ, tí awakọ̀ lọ́rì sì tẹ̀ lé e, Àǹtí Kíá fi kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró sí ojú fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Lọ́rì á dé, bàbá á yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní parí. Bàbá á tún lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí àpótí onírin kan wà tí ó fi àgádágodo tì, á sì pẹ́ níbẹ̀ tó àkókò tí ènìyàn fi ń jẹun tán. Bó bá ń bọ̀, orin ìsìn ni yóò máa kùn lábẹ́ ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì tutù.

Àǹtí Kíá wo ọwọ́ tútù náà láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Pílátù náà fọwọ́ tirẹ̀," ó wí fún ara rẹ̀.

Agbófinró ètò ọ̀gbìn ni àwọn méjèèjì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ àfonífojì tí àwọn ènìyàn ti ń gbin ọsàn, etí ọ̀nà náà sì ni ibùdó wọn wà: yàrá kan, tábìlì méjì, ọ̀pá gbọọrọ kan tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ tó bá kó igi tàbí èso kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé wọ́n já èdìdì ara ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ẹ̀ka díẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ewé rẹ̀ wò lójú àti lẹ́yìn. Obìnrin yìí ló ń ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀, bàbá ló ń ṣe ti ọ̀sán. Àwọn awakọ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ. Nítorí pé obìnrin náà lè yẹ lọ́rì mẹ́wàá wò kí oòrùn tó mú, wọ́n ń pè é ní Àǹtí Kíá, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn nínú bí ó tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ti bàbá ni Bàbá Díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ tí ọ̀sán bá ká mọ́ ọwọ́ bàbá á wulẹ̀ tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, á sùn.

Bàbá yìí ló kọ́ Àǹtí Kíá níṣẹ́ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó sì ku oṣù mẹ́ta kí ó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ òsì ni obìnrin náà ń lò, bàbá kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé rí. "Ìwọ ọmọ yìí," á wí, "a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá ń fi tìrẹ gé igi tí ìjọba ní kó o tọ́jú." Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti tán báyìí o. Láti ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rín ti tán.

Ọjọ́ Ajé náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè é lórí fóònù láti oko. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Oko ọsàn tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló ń bójú tó, èso oko náà ló sì fi rán an lọ síléèwé. "Àbúrò mi, wá bá mi wo ewé kan," ó ní. "Kò jọ ewé tí mo mọ̀."

Àǹtí Kíá lọ. Ó mú ewé náà, ó sì yí i padà. Kókó wẹ́wẹ́ sú sí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó le bí èépá egbò, òrùka pupa rúsúrúsú sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Àrùn oníkókó ni. Ìtorí àrùn yìí gan-an ni ìjọba fi kọ́ ibùdó sí etí ọ̀nà. Kò sí oògùn rẹ̀: igi tó bá mú, àti èyí tó bá wà nítòsí rẹ̀, gígé ni, sísun ni. Ìbá wù ú kó ju ewé náà nù, ṣùgbọ́n òfin kò mọ ọmọ ìyá. Ó pe ọ̀gá wọn ní olú-ìlú, ó sọ ohun tí ó rí.

"Àrùn ò ní ẹsẹ̀," ọ̀gá wí. "Ọ̀nà kan ló wọ ibẹ̀, ẹni méjì ló ń ṣọ́ ọ. Ìwọ ló kọ́kọ́ rí i, ìwọ ni kó o ṣe ìwádìí. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì fẹ́ orúkọ nínú ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, ì báà ku ọjọ́ kan kó fẹ̀yìn tì."

Ẹni méjì. Ìṣirò náà kò le. Mú ara rẹ kúrò nínú méjì, ó ku ẹyọ kan.

Ìdí nìyẹn tí ó fi wà lójú fèrèsé lọ́jọ́rú yìí, tí ó yẹ kó ti wà nílé. Ẹ̀rí ló ń wá. Ìyá tó ń gbálẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, gèlè funfun lórí, gèlè tó mọ́ ju ẹ̀wù áńgẹ́lì lọ.

"Màmá," Àǹtí Kíá rẹ ohùn sílẹ̀, "kí ló wà nínú àpótí ẹ̀yìn ilé yẹn?"

"Ṣé èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ni?" Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ kíákíá. "Ọjọ́ tí mo fọwọ́ kàn án, bàbá yẹn wò mí bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Ọjọ́ kejì ni àgádágodo débẹ̀."

"Ẹ ò rí nǹkan kan tó ń gbé wọlé?"

"Mo rí ike. Ó fi aṣọ bò ó. Ẹni tó bá ń fi aṣọ bo nǹkan, ọmọ mi, ṣé ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló ń gbé?" Ó gbá ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí Kíá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Nígbà tí lọ́rì lọ tán, ó jáde lọ bá bàbá níbi tí ó ti ń kọ nọ́ńbà èdìdì sínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbẹ́ ère.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"O ṣì wà níbí? Kíá ti di jẹ́jẹ́ nìyẹn."

"Mò ń kọ ìwé kan ni. Ti oko ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dùn mí púpọ̀," bàbá wí, kò sì gbójú sókè. "Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ."

Kí ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀? Oko ta ni? Àǹtí Kíá sún mọ́ ọn. Òórùn kan ń ta lára bàbá, òórùn tó mú bí omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Bàbá, kí lẹ máa ń ṣe lẹ́yìn ilé?"

Bàbá gbójú sókè wàyí, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ohun tí mo kọ́ ọ ni."

Ó padà sí nọ́ńbà rẹ̀, ó sì tún ń kun orin. Àǹtí Kíá rò ó nínú ara rẹ̀: Ohun tí ó kọ́ mi kẹ̀? Ṣé ó fẹ́ fà mí mọ́ ọn ni? Ó wọlé, ó jókòó, ó sì kọ ìwé náà láìdúró: bàbá ń mú àwọn awakọ̀ lọ síbi kọ́lọ́fín, ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ó ń kó o sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí, ó sì ń jẹ́ kí igi aláìsàn kọjá. Ó kọ orúkọ bàbá sísàlẹ̀. Ó ká ìwé náà sínú Bíbélì rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ pa. Nígbà tó délé, tó kúnlẹ̀, àdúrà kò wá. Ó rò pé ó rẹ òun ni.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn méjèèjì jọ lọ sí oko náà láti fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi tí wọ́n máa gé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, ó ti wọ aṣọ tó dáa, bí ẹni tí àlejò ìsìnkú ń bọ̀ wá bá.

"Ẹ wọlé, sà."

"Ẹ jẹ́ ká dúró ná," Bàbá Díẹ̀díẹ̀ wí. Ó tú àpò rẹ̀. Ó mú abọ́ kan jáde, búrọ́ọ̀ṣì kan, àti ike tó fi aṣọ wé. Ó da ohun inú ike sí abọ́, ó bu omi lé e, òórùn àná sì tú jáde. Ó fọ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Ó ṣí ọ̀bẹ rẹ̀, ó rì í bọ omi náà, ó sì dúró, ó ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí nìyẹn, sà?" Àǹtí Kíá bi í, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀.

"Bíliìsì, tó ń pa àrùn. Ó di ọdún méjì tí ọ́fíìsì ti dẹ́kun kíkó tiwọn wá, ni mo bá ń ra tèmi. Awakọ̀ tó bá gun orí ẹrù, mo máa ń ní kí òun náà fọ bàtà." Bàbá nu ọ̀bẹ rẹ̀. "Ike méjì àkọ́kọ́ ni ìyá tó ń gbálẹ̀ fi fọ gèlè. Ni mo bá ra àgádágodo."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àǹtí Kíá kó tó mọ̀, ó sì kú síbẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" Bàbá ti abọ́ náà sí i. "O ti fọ tìrẹ?"

"Mo máa ń nù ún, sà."

"O máa ń nù ún."

Àǹtí Kíá fọ ọ̀bẹ rẹ̀ nínú abọ́ náà, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú wọn dé ẹ̀bá kànga. "Ohun tí kò yé mi nìyí," ó ní. "Gbogbo èyí tó wà lókè mọ́ ṣáká. Ìlà méjì yìí nìkan ló mú, bí ẹni pé ó mọ ibi tó ń lọ."

Bàbá fa ẹ̀ka kan mọ́ra. Wọ́n ti gé orí ẹ̀ka náà nígbà kan rí, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jiná, ẹ̀hù tuntun sì ti yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ara ẹ̀hù náà ni kókó pọ̀ sí jù. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ojú ọgbẹ́ náà, ó rọra fi ẹ̀ka sílẹ̀, ó fa òmíràn, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó rìn lọ sábẹ́ igi kejì, kò sì kun orin kankan.

Àǹtí Kíá lọ dúró síbi tí ó ti kúrò. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, bó bá gé ẹ̀ka, apá kan ni ojú ọgbẹ́ máa ń dà sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò. Gbogbo ojú ọgbẹ́ tó wà lórí ìlà méjì yìí ló dà sí apá kejì.

Ó rántí wàyí. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ó ti tó oṣù méjì. Ó mú lọ́rì kan lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, àrùn oníkókó kún inú rẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó ti wá. Ọ̀gá tilẹ̀ pè é láti yìn ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lọ sílé pààrọ̀ aṣọ. Ó nu ọ̀bẹ tó fi gé ẹ̀ka aláìsàn náà sí itan ṣòkòtò, ó sì wá síhìn-ín tààrà láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́ ẹ̀ka ọsàn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, gbogbo ewé ló tutù. Ó rẹ́ ìlà méjì kí wọ́n tó pè é jẹun. "Ọwọ́ rẹ yá o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà.

Lọ́rì náà kò wọlé. Òun ló wọlé.

Ó bá bàbá lábẹ́ igi. "Ẹ ti rí i, sà."

"Mo rí i."

"Mo ti kọ ìwé kan. Orúkọ yín ni mo kọ síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Fèrèsé yẹn, gíláàsì ni, ọmọ mi, kì í ṣe ògiri."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Bí mo bá ń pariwo pé èmi kọ́, ta ló bi mí?" Bàbá ṣí ike ọ̀dà pupa. "Ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè dá ojú ọgbẹ́ ọwọ́ òsì mọ̀ yàtọ̀. Ọ̀gá náà kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ọwọ́ rẹ ni, èmi ò ní bá ọ kọ ọ́."

Àǹtí Kíá dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó wo igi, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ pa ara igi kan bí ẹni ń pa orí ọmọ. Oṣù mẹ́ta ló kù fún bàbá yìí. Òun ní ogún ọdún níwájú. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ronú lórí ìyẹn, èmi kò ní purọ́ pé kò ronú lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú kúrò. Ó wọ ilé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àǹtí Kíá. Nígbà tó jáde, àáké ló mú dání, ó sì nà án sí i.

"Ọwọ́ tí o fi rẹ́ ẹ ni kó o fi gé e," ó ní. "Bó bá rẹ̀ ọ́, kó o pè mí. Fọ àáké náà kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lọ́rì mẹ́ta ti tò sí ìdí ọ̀pá, awakọ̀ àkọ́kọ́ sì ti ń fun fèrè. Bàbá ti tètè dé nítorí ọ̀gá. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ tó ti ṣí sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu àgádágodo.

"Àǹtí Kíá," awakọ̀ náà yọrí, "ṣé a ò lọ mọ́ ni? Kí lẹ̀ ń fọ̀ láti àárọ̀?"

"Ọ̀bẹ ni," ó ní. Ó ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ wà nínú abọ́. "Bọ́ sílẹ̀, kó o wá fọ bàtà rẹ."

"Ẹ̀yin náà ti di Bàbá Díẹ̀díẹ̀."

Ọkọ̀ ọ̀gá ti yọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, eruku rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Kíá nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó fa síìpù Bíbélì rẹ̀, ó sì mú ìwé tuntun tí ó kọ jáde. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, orúkọ tí bàbá tó bí i sọ ọ́, kì í ṣe èyí tí àwọn awakọ̀ fún un. Ó rìn lọ sí ìdí ọ̀pá láti pàdé ọkọ̀ náà, kò sì yára.