Apá Òsì Méjì

Apá òsì ni. Hadassah mú un kúrò, ó tún gbé e lé àyà dọ́mì aláìlórí tó wà létí fèrèsé, apá òsì náà ló tún jẹ́. Ó mú èkejì lórí tábìlì, ó gbé e wò. Apá òsì lòun náà. Léèsì méjì tó gé fún iwájú gáùn ìgbéyàwó Ayọ̀tọ̀míwá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sí apá ọ̀tún nínú wọn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ká ní aṣọ tó ṣe é yí sódì ni, ì bá yí ọ̀kan sódì. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni léèsì yìí ní: òkúta dídán wẹ́wẹ́ wà níwájú, okùn rúdurùdu wà lẹ́yìn. Kò sì sí òmíràn níbì kankan. Ìyá wọn ló rà á nígbà tó ṣì ń ta ẹja gbígbẹ létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ó fi káńfọ̀ sí i nínú àpótí, ó ní ti ọjọ́ ìgbéyàwó Ayọ̀tọ̀míwá ni. Ikú ò jẹ́ kó dúró de ọjọ́ náà. Ìdajì léèsì ọ̀hún ni wọ́n fi rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un nínú pósí. Yáàdì méjì àbọ̀ ló kù, òun ni Hadassah ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán yìí. Ọ̀túnla ni ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bẹ́ẹ̀ bùbá ni Ayọ̀tọ̀míwá ní kó rán.

“Bùbá ṣá ni mo fẹ́,” ló wí lọ́jọ́ Àìkú. “Bùbá ọlọ́rùn róbótó. Má yọ ara ẹ lẹ́nu.”

Bùbá kẹ̀! Ó dun Hadassah. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Fareedah ní Fọlá Àgòrò. Ó mọ bùbá rán, ó mọ ìró rán, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé sì ti di eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ibẹ̀ náà ni yóò máa wà? Gáùn kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ń fún mọ́ àyà àti ìbàdí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn bèèrè pé ta ló rán an. Òótọ́ ni pé kò rán kọ́sẹ́ẹ̀tì rí. Ó kàn jókòó wo Àǹtí Fareedah nígbà tó ń rán an ni, ó sì wo fídíò kan lórí fóònù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há a sórí. Ohun tí ọwọ́ òun ò bá tó, òun yóò fi gọ̀ngọ̀ fà á. Báyìí ló ṣe ki ara rẹ̀ láyà. Kò rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ó kúkú ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ gé pátánì sórí bébà. Àwọn télọ̀ àdúgbò wọn kì í ra bébà. Bajúláyé ni wọ́n ti ń lọ ṣa pósítà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Èyí tó bọ́ sí Hadassah lọ́wọ́, pósítà ìsìnkú ìyá àgbà kan ni, gèlè lórí, ẹ̀rín lẹ́nu. Ojú ìyá náà bọ́ sí àárín pátánì gẹ́ẹ́. Ó fi gé apá òsì. Láti gé apá ọ̀tún, ó ní láti yí bébà náà padà, kí ìyá náà dojú bolẹ̀ lórí léèsì. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń da ojú òkú ọlọ́mọ bolẹ̀ lórí aṣọ ìyàwó? Oṣù márùn-ún péré rèé tí wọ́n bu erùpẹ̀ bo ojú ìyá tirẹ̀. Ló bá tún tẹ́ bébà náà bó ṣe wà, ojú lókè, ó sì ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

Àǹtí Fareedah ti òpópónà Pedro tó ti lọ ra òwú dé. Ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo orí tábìlì. Ó to àwọn léèsì náà síra wọn, ó fi téèpù wọn àwọn àjákù, ó sì ká téèpù náà padà sọ́rùn.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ṣé kò lè di bùbá mọ́ ni?”

“Bùbá wo? Apá dà? Ẹ̀yìn dà? O ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.” Ó fa àga, ó jókòó. “Ta ló ní kó o rán kọ́sẹ́ẹ̀tì?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n rán an, mà. Ó ní bùbá lòun fẹ́.”

Àǹtí Fareedah ti àwọn àjákù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ wá síbí lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo rán ẹ lọ Òyìngbò. Nítorí gáùn ló ṣe wá. Fọ́tò ẹ̀ wà lórí fóònù ẹ̀, ó ní ṣé mo lè rán an, mo ní mo lè rán an. Ló bá tún bi mí pé, ‘Àǹtí, kí ni Hadassah lè rán tí kò ní bàjẹ́?’ Mo ní bùbá. Ó wo fọ́tò yẹn, ó pa á rẹ́ lójú mi báyìí. Ó ní, ‘Bùbá náà ni mo fẹ́.’”

Hadassah dìde nílẹ̀. Àṣé kì í ṣe pé Ayọ̀tọ̀míwá fojú kéré òun. Ó wọn aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ mọ ìwọ̀n tí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ká ni, nítorí àwọn méjèèjì nìkan ló kù nílé ìyá wọn, ó sì fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára òun níwájú pẹpẹ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí!”

Ayọ̀tọ̀míwá fúnra rẹ̀ ló wọlé, òógùn lójú, inú rẹ̀ ń dùn. Kò tiẹ̀ wo tábìlì. Ó gba iwájú dígí lọ tààrà, ó bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó di ojú méjèèjì pa, ó sì na apá síwájú.

“Mi ò wò ó o. Ó yá, wọ̀ ọ́ fún mi.”

Kò béèrè irú aṣọ tí àbúrò rẹ̀ rán.